Ta Ni Oníkóòtù Yẹ́lò Tí O Sọ Yìnyín Lù Yìí?

Gorna Lipitsa,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn Ọjọ́ Omi Mímọ́.

Zlatina ọmọ mi,

Mo kí ọ títí. Bàbá rẹ náà kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní kí n má sọ fún ọ pé òun kí ọ. Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé yàrá rẹ ń móoru? Ṣé o ń jẹ oúnjẹ gidi, àbí búrẹ́dì inú ọ̀rá nìkan ni? Kí Ọlọ́run tó ń da aṣọ funfun bo orí òkè wa lọ́dọọdún da ààbò bo ìwọ náà. Kí ẹsẹ̀ rẹ má yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé alájà púpọ̀ yẹn, kí ọkọ̀ ìlú má gbá ọ, kí ọ̀gá iṣẹ́ rẹ má gbé ìbínú ilé rẹ̀ wá bá ọ. Àmín. Tí o bá rí i pé àdúrà yìí gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó nídìí, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Gbogbo wa wà láàyè nílé. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì. Kábéèjì inú àgbá kan dáadáa lọ́dún yìí. Bàbá rẹ ṣì ń wú ikọ́ tó ń fa àyà, kò sì gbà kí n fi ọ̀rá ewúrẹ́ pa á láyà, ó ní òun kì í ṣe búrẹ́dì. Lọ́jọ́ Omi Mímọ́, àlùfáà ju àgbélébùú sódò, àwọn ọkùnrin bẹ́ tẹ̀ lé e nínú omi tó tutù tí kò ṣeé fẹnu sọ, Yavor tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó ló gbé e jáde. Mo ní kí n sọ ìyẹn kí o gbọ́. Yavor ló gbé e jáde, Zlatina. Ètè rẹ̀ dúdú bí aró, gbogbo abúlé pàtẹ́wọ́, ó sì ń wo apá ibi tí bọ́ọ̀sì máa ń gbà wọlé.

Yìnyín ga dé ìsàlẹ̀ fèrèsé wa, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni. O mọ bó ṣe máa ń rí tí òtútù bá mú jù, èèyàn á bù ú, á fún un, á dà láàárín ìka rẹ̀ bí ìyẹ̀fun, kò ní di ara rẹ̀ mú. Kò sí ọwọ́ tó lè ṣù ú. Àwọn ọmọ iléèwé ń bù ú sínú ọrùn aṣọ ara wọn nítorí pé wọn ò rí ìṣù sọ. A ń retí kí afẹ́fẹ́ apá gúúsù fẹ́ díẹ̀, kí oòrùn kan òrùlé, kí omi tó kéré báyìí wọ inú yìnyín, torí omi yẹn náà ló ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Láìsí i, kò sí Ọjọ́ Ìṣù. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ti ní ilẹ̀kùn kan lọ́kàn ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ kiri níwájú ilé ọtí, wọ́n ń wo ojú sánmà bí ẹni pé ó jẹ wọ́n ní gbèsè.

O mọ àṣà náà, mi ò níí kọ́ ọ. Ọkùnrin á sọ ìṣù rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé obìnrin. Tí obìnrin kò bá fẹ́, á mú ìgbálẹ̀, á gbá àmì rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ parí, kò sí ìjà. Tó bá fẹ́, á jáde, á bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, á fi ọwọ́ lásán ṣù tirẹ̀, á fi sọ fìlà ọkùnrin náà. Tí fìlà bá jábọ́, wọ́n ti di ti ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ fìlà bàbá rẹ bọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe sọ ti bàbá mi. Mo kàn ń rán ọ létí ni, nítorí ohun tí ojú mi rí.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Ginka tó ń pín lẹ́tà yà wá, ó ní Màmá Zlatina, ẹ wá wo ọmọ yín, ó wà nínú fóònù mi. Mo rò pé ọ́sìbítù ni wọ́n gbé ọ lọ. Mo wò ó, ìwọ ni lóòótọ́, pẹ̀lú fìlà pupa tí mo hun fún ọ. O dúró láàárín èrò nínú ọgbà ńlá kan ní Sófíà, yìnyín bo gbogbo igi. O bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ, o fi eyín dì í mú, o bẹ̀rẹ̀, o bu yìnyín, o yí i lọ́wọ́, o fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, o sọ ọ́. Ó lọ bá ọkùnrin kan tó wọ kóòtù yẹ́lò ní fìlà. Fìlà délẹ̀. O rẹ́rìn-ín.

Mo jókòó sórí àpótí igi ìdáná. Kí n tó mí, Zlatina, ọkùnrin náà ti gbé fìlà rẹ̀ dé padà, ìwọ náà ti wọ ìbọ̀wọ́ padà, o tún bọ́ ọ, o tún bu yìnyín, o tún sọ ọ́, fìlà tún jábọ́. Mo ní ó tó, ọmọ mi, ó ti gbọ́. O ò dúró. O tún sọ ọ́. Mo lọ fún àwọn ewúrẹ́ lóúnjẹ, mo padà dé, Ginka ṣì di fóònù mú, o ṣì ń sọ ọ́, ọkùnrin náà ṣì ń dé fìlà rẹ̀ kò sì sá. Ẹ̀ẹ̀kan ni obìnrin ń gbà fún ọkùnrin lábúlé wa, ó sì ń tó wọn títí wọ́n á fi sin wọ́n. Mi ò tíì rí ẹni tó gbà báyẹn rí láyé mi. Mo bẹ Ginka kó pa fóònù náà kí èjìká rẹ lè sinmi. Ó pa á. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tuntun wá bà mí, pé bóyá ẹ ṣì wà nínú òkùnkùn níbẹ̀, ìwọ àti òun nìkan.

Ginka gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ó ní fídíò náà ló ń yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo sọ ọ́. Mo ní Ginka, mo ka ìwé dé kíláàsì tó kẹ́yìn, ojú mi kò sì fọ́, ohun tí mo rí ni mo rí. Ó tún ní ṣe ni ẹnì kan kọ ọ́ sínú fóònù pé kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wá sí ọgbà ńlá wá fi yìnyín ṣeré, èrò sì wọ́ lọ, àwọn tí kò mọra rí ń sọ ọ́ lu ara wọn, pé eré lásán ni. Ó yé mi bí àwọn ọmọ kéékèèké bá ń ṣe é, tiwa náà ń sọ ọ́ lu ọkọ̀ àlùfáà. Ṣùgbọ́n àgbà obìnrin tí kò tíì lọ́kọ? Pẹ̀lú ọwọ́ lásán? Ṣé kì í ṣe bíi kéèyàn máa kó òrùka kiri, kó máa fi sí ìka ẹni tó bá kọ́kọ́ na ọwọ́ ni?

Ohun tó sì jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe eré ni ìṣù yẹn fúnra rẹ̀. Ìṣù ilé wa ni. Èyí tí èèyàn bá fún jù á le bí òkúta, ìbínú ló máa ń wà nínú rẹ̀. Èyí tí kò fún tó á fọ́ kó tó débẹ̀. Tìrẹ lọ ní odindi, ó dé orí fìlà, ó wá túká fúlẹ́fúlẹ́, kò dun ọkùnrin náà rárá. Èmi ni mo kọ́ ọ lẹ́yìn ilé, níbi tí ìgbóná ara ògiri ti máa ń mú kí yìnyín rọ̀. Ta ni ń ṣe irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí?

Nítorí náà, dá mi lóhùn. Ta ni oníkóòtù yẹ́lò yìí? Ọmọ ta ni? Kí ló dé tó fi tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, ṣé àìsàn ni tàbí kò sí ẹni tó ń se oúnjẹ fún un? Ginka fi ìka méjì fa ojú ọkùnrin náà kó tóbi nínú fóònù, mo sì rí yẹtí létí ọ̀tún rẹ̀. Mi ò sọ fún bàbá rẹ. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé kò sí ibi tí wọ́n ti fi hàn pé òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ. Ṣé ó sọ ọ́? Ṣé o tilẹ̀ ní ilẹ̀kùn tó kọjú síta lórí àjà karùn-ún yẹn? Tó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbí gbọ́.

Ti àlejò tún wà ńlẹ̀. Ginka ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti fi ọkàn pupa sábẹ́ fídíò náà. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi ọkàn síbẹ̀ fún, ó ní wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni. Tí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á wá nìyẹn. Níbo la ó fi wọ́n sí? Mo kó àwo mi jáde, mo kó ti ìyá mi mọ́ ọn, mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo wò wọ́n, mo sunkún. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí wọn, kó o sọ fún wọn pé ìnáwó kékeré ni, ti ẹbí nìkan.

Ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, Màmá Nevena dúró dè mí. O mọ obìnrin yẹn. Ó ní ẹ kú oríire o, Màmá Zlatina, ọmọ yín mà gbóyà o, ìwé lẹ ní ó lọ kà ní Sófíà, àṣé fìlà ló lọ ń ká. Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Mo ní kó má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, Nevena tirẹ̀ ti ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ láti ọdún wo, ológbò nìkan ló ṣì ń wọlé. Ó ní kò burú, Ọjọ́ Ìṣù ń bọ̀, pé Yavor náà ti rí fídíò, ojú rẹ̀ sì ti là. Zlatina, búrẹ́dì já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nítorí òótọ́ ni. Ginka ti gbé fóònù yẹn dé ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Ó ní Yavor wò ó, ó ní kó jẹ́ kí òun tún un wò, lẹ́yìn náà ló sọ pé ìṣù yẹn dáa. Ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò yà wá mọ́. Bàbá rẹ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ọ̀nà ilé pákó ló ń wò. Àárẹ̀ ti mú mi, jẹ́ kí n dúró níbí, ọ̀dùnkún ń jóná lórí iná.

Ọjọ́ Ẹtì.

Zlatina, mi ò tíì fi lẹ́tà yìí fún Ginka, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, nítorí Yavor wá.

Ó wá láàárọ̀, ó gbọn yìnyín kúrò lára bàtà rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó jókòó. Mo gbé ẹ̀wà sí i níwájú, ó jẹ ẹ́ tán. Bàbá rẹ ń wúkọ́ nínú yàrá kí a lè mọ̀ pé òun ń gbọ́. Nígbà tó yá, Yavor ní Màmá, mo ti rò ó. Ó ní ṣé ẹ rántí ọdún tó kọjá. Mo ní mo rántí. Ta ni kò rántí? Ó wá sí ẹnu ọ̀nà wa lọ́jọ́ tí yìnyín gbẹ bí eléyìí, kò lè dúró di ọjọ́ tó dáa nítorí o ń padà sí Sófíà lọ́jọ́ náà. Ó ṣù ú, ó fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ṣù ú, ó tún fọ́. Èyí tó sọ nígbẹ̀yìn, lẹ́búlẹ́bú nìkan ló dé ara ilẹ̀kùn, ìwọ sì dúró níbẹ̀, o ń rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, bọ́ọ̀sì fun fèrè, o gbé báàgì rẹ, o lọ. O ò gbá ilẹ̀kùn. O ò sọ fìlà rẹ̀. Èmi náà ò gbá a, mo ní kì í ṣe tèmi, afẹ́fẹ́ ló gbá a.

Yavor wá ní ohun tí òun rò nìyẹn. Ó ní kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Ó ní oníkóòtù yẹ́lò lè jẹ́ èèyàn dáadáa, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n tèmi ló ṣáájú. Kí Zlatina kọ́kọ́ dá tèmi lóhùn, kó tó máa sọ fìlà ẹlòmíì bọ́. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, màá padà sílé, màá sì lọ kí Nevena lọ́jọ́ Àìkú, nítorí èèyàn ò lè máa jẹun lóun nìkan títí ayé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sọ ọ́. Mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dáyé.

Mo ní Yavor, kò sí yìnyín mọ́ ní Sófíà, Ginka ti wò ó nínú fóònù, ó ní òjò ló ń rọ̀ níbẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun á gbé ti ibí lọ. Mo ní gbígbẹ ni, kò ní ṣù fún ọ, àbí o fẹ́ kí gbogbo Sófíà náà wá fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà? Ibẹ̀ ni bàbá rẹ ti jáde nínú yàrá. Ó ní ẹ̀yin méjèèjì, orí yín ò pé. Ó ní yìnyín tó gbẹ níbí, tó bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì láti àárọ̀ di ọ̀sán, ìgbóná á wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó dé Sófíà á ti rọ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ kó rí. Ó ní kí wọ́n má kàn fi sídìí ẹ̀rọ amúlégbóná ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà, ikọ́ àti gbogbo rẹ̀, ó gbé garawa wàrà wa àtijọ́ tó ní ìdérí, ó fi lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ́ inú àpò tó fi wé e, ó sì lọ bu yìnyín. Níwájú ilẹ̀kùn wa ló ti bù ú, níbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì dé. Mo ní ó ti pọ̀ jù. Ó ní kì í ṣe Yavor nìkan ló máa lò ó.

Nítorí náà, ọmọ mi, lọ́wọ́ Yavor fúnra rẹ̀ lo ti gba lẹ́tà yìí. Mo ti sọ fún un pé kó fi lé ọ lọ́wọ́, kó sọ̀ kalẹ̀ padà, kó lọ dúró lójú títì, nítorí a kì í sọ ìṣù nínú ilé. Mo fi ìyẹ̀fun pípò lẹ àpòòwé náà kó má baà kà á, àmọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, kò ní kà á. Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ilé yín ni á sọ tirẹ̀ mọ́. Sọ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbébẹ̀ kí wọ́n má pe ọlọ́pàá.

Mi ò ní sọ ohun tí wàá ṣe fún ọ. Ẹ̀rù ń bà mí níhà méjèèjì. Tó o bá gbà, ẹ̀rù ń bà mí pé wàá padà wá sí òkè yìí, wàá sì máa wo ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì nígbà tí mo bá ti kú. Tó o bá kọ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé oníkóòtù yẹ́lò ò mọ ohun tó túmọ̀ sí kí fìlà èèyàn jábọ́. Tí o kò bá fẹ́ Yavor, má jẹ́ kó dúró nínú òjò, fún un ní tíì gbígbóná àti nǹkan tó máa jẹ nínú ọkọ̀, kó o sì sọ ọ́ fún un lójú, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

Ti owó ńkọ́? Yavor ló ń la igi fún wa láti ìgbà tí àyà bàbá rẹ ti ń dí. Tó o bá sọ fìlà rẹ̀ bọ́, má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Tó o bá kọ̀ ọ́, jọ̀ọ́, fi owó igi lílà ránṣẹ́ kíákíá, nítorí mi ò ní lè wo ojú rẹ̀ kí n ní kó wá la á. Má sì fi sínú fóònù o. Èyí tó o ní o fi sínú fóònù Ginka nígbà Kérésìmesì, a dojú fóònù náà dé, a gbọ̀n ọ́n, kò sí nǹkan tó jábọ́ níbẹ̀. Di owó náà mọ́ inú ìbọ̀sẹ̀, kó o fi fún dírẹ́bà bọ́ọ̀sì.

Kí Ọlọ́run tí kò sí ilẹ̀kùn tí kò mọ̀ fi ohun tó tọ́ sí ọ lé ọ lọ́wọ́. Ibi yòówù tó o bá wà, kí ilé rẹ má tutù. Ẹni yòówù tó o bá yàn, kó mọ iye rẹ, kó sì máa jẹ oúnjẹ rẹ tán. Bàbá rẹ ní àmín, ó ní kí n má sọ pé òun ló sọ ọ́.

Ó ti tó. Má ka lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin náà wà nísàlẹ̀, yìnyín sì ń yọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Màmá Zlatina.